Owó Wa Wọlé, Ohùn Wa Dúró ní Géètì

"Màmá, kì í ṣe èmi. Fóònù ló kọ̀."

Ohun tí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ ẹ́síteètì wa sọ fún ìyá àgbàlagbà kan nìyẹn, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń rọ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìyá náà ti ń bọ̀. Ẹja gbígbẹ àti èlùbọ́ ló gbé dání, ó ń bọ̀ wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ rẹ̀ ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí i. Ọlọ́dẹ tẹ kóòdù náà, pupa yọ lójú fóònù. Ó tún un tẹ̀, pupa ló tún yọ. Ohun tó fà á ò ju ẹyọ kan lọ: fúláàtì tí ọmọ ìyá náà ń gbé jẹ owó ẹgbẹ́ oṣù mẹ́rin. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọlọ́dẹ fún nǹkan bíi wákàtí méjì, títí ọkọ ọmọ rẹ̀ fi ti ibi iṣẹ́ dé, tó sì san gbogbo owó náà lórí ìdúró. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí owó wọlé tí kóòdù fi di aláwọ̀ ewé. Géètì ṣí.

Ó yẹ ká jẹ́wọ́ nǹkan kan ká tó bá ẹnikẹ́ni jà: àwa la kọ áàpù yẹn.

Méjì nínú àwa ayálégbé ẹ́síteètì náà ló ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Nígbà tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ onílé ní ká bá wọn ṣe áàpù tí àlejò yóò máa fi wọlé, inú wa dùn. Wọ́n ní a ò ní san owó ẹgbẹ́ fún ọdún kan. A fi òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ ọ́. Níbẹ̀rẹ̀, kóòdù ló kàn ń fún àlejò, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni wọ́n tún pè wá pé nǹkan kékeré kan kù: ẹni tó bá jẹ owó, kí kóòdù rẹ̀ má ṣiṣẹ́. Ó rọrùn lóòótọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni: bí gbèsè bá ju òdo lọ, kọ̀ ọ́. A ò tiẹ̀ ronú sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ kàn fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni, kẹ́ ẹ lọ sùn.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wá fi kún un pé ká má fi ti àwọn onílé sí i. Ó ní ayálégbé nìkan ni ká fi ìlà náà dè, nítorí a kì í ti onílé mọ́ ìta ilé ara rẹ̀. A fi ìyẹn náà sí i. Bó ṣe wà nínú áàpù títí di ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ òjò yẹn ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ka èèyàn: onílé àti ayálégbé. Tí onílé bá jẹ gbèsè ọdún méjì, aláwọ̀ ewé ni. Tí ayálégbé bá jẹ gbèsè oṣù kan, pupa ni. Àwa tí a rí àkọsílẹ̀ náà mọ àwọn tí gbèsè wọn pọ̀ jù. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọn ò yálé gbé.

Ẹ̀bá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ẹ́síteètì wa wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá ti gba Berger kọjá sórí Long Bridge rí mọ agbègbè náà: Arépo, Màgbórò, Ìbàfò, Mòwé. Ìpínlẹ̀ Ògùn là ń sùn sí, Èkó là ti ń ṣiṣẹ́. Owó ilé tó gara ní Èkó ló lé ọ̀pọ̀ nínú wa débẹ̀.

A ò sọ pé àwọn onílé ò jìyà o. Wọ́n jìyà gidi. Wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, ẹbí kejì yọ pé àwọn ló ni ín, wọ́n tún un rà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n gba owó dẹ́kìnì, wọ́n gba owó òrùlé. Ìjọba ò fún wọn ní ọ̀nà, kò fún wọn ní omi, kò fún wọn ní ọlọ́pàá. Àwọn ló ro igbó, tí wọ́n fi owó ara wọn ri òpó iná mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà náà, ẹgbẹ́ àwọn tí ìjọba pa tì ni, a sì kí wọn kú iṣẹ́. Ìjọba tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń rọ́pò. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n di ìjọba tán, wọ́n mú gbogbo ìwà ìjọba tó pa wọ́n tì náà mọ́ra: owó là ń gbà, a kì í ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń san ₦7,500 lóṣù: owó ọlọ́dẹ, owó pàǹtí, owó iná òpópónà. Onílé tó ń gbé ilé ara rẹ̀, ì báà ní yàrá mẹ́fà, ₦7,500 náà ló ń san. Ilé tí fúláàtì mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tí ayálégbé kún inú rẹ̀, ₦30,000 ló ń ti ibẹ̀ jáde lóṣù. Tó bá wá di ọjọ́ ìdìbò ẹgbẹ́, ilé àkọ́kọ́ ní ìbò kan. Ilé kejì náà ní ìbò kan, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló sì wà. Àwa mẹ́rin tí a san ₦30,000 ò ní nǹkan kan.

Ti tíráńsífọ́mà ló dùn wá jù. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ bú gbàù, ilé iṣẹ́ iná ní ká fara balẹ̀, a fara balẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nínú òkùnkùn. Ẹgbẹ́ pinnu pé ká dáwó ra tuntun. ₦60,000 ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan dá, onílé àti ayálégbé, ọgbọọgba. A dá a. Ta ni kò ní dá a? Oúnjẹ ń bàjẹ́ nínú fíríìjì, epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ wá lówó. Iná dé, a pariwo "Up NEPA!" bí ọmọdé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, owó ilé gbéra. Àwọn onílé ní àdúgbò ti dára, iná ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà, àwa la rà á! Ẹ wò ó dáadáa: a san owó tíráńsífọ́mà lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí owó àdúgbò, a tún wá ń san án lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí owó ilé, nítorí tíráńsífọ́mà tí a rà ló sọ ilé onílé di ọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀nà tí a dáwó tẹ́ òkúta sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti géètì fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí ayálégbé bá fi owó rẹ̀ tún ṣe ládùúgbò, onílé ni yóò fi ta ilé rẹ̀ ní owó gọbọi, ayálégbé ni yóò sì tún rà á padà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí àjọ NERC ti fọwọ́ sí owó iná tuntun fún àwọn tó wà ní Band A, ₦225 lórí ẹyọ iná kọ̀ọ̀kan nígbà náà, àwọn ejẹ́ńtì ti ń kọ "Band A" gàdàgbà sára ìpolówó ilé. Ayálégbé ló ń ra iná ọ̀wọ́n náà, onílé ló ń fi orúkọ rẹ̀ polówó.

Ó tún ku ọ̀kan. Àjọ NERC yẹn kan náà ṣòfin lọ́dún 2015 lórí irú owó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tó bá fẹ́ ra tíráńsífọ́mà tàbí wáyà lè bá ilé iṣẹ́ iná kọ ìwé àdéhùn kí wọ́n tó rà á, kí ilé iṣẹ́ náà lè dá owó wọn padà díẹ̀díẹ̀. A béèrè lọ́wọ́ àwọn olóyè pé ṣé wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ló kàn wá nínú ẹ̀. Ẹni tó dá ₦60,000 ló ń béèrè o, wọ́n ní kí ló kàn án.

A ti gbìyànjú àtilọ sí ìpàdé. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n máa ń ṣe é, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ àgọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọlọ́dẹ. Àwa méje la lọ lọ́jọ́ náà. A dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin inú wa kúnlẹ̀, a ní "Ẹ kú ìpàdé o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa." Wọ́n dáhùn dáadáa, a ò lè purọ́ mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ béèrè àlàáfíà ọmọ wa. Ìgbà tí a fẹ́ jókòó ni wọ́n sọ fún wa pé àga tó wà níbẹ̀ ò tó fún ayálégbé, pé iye onílé ni wọ́n fi rà á. A ní kò burú, a ó dúró. Wọ́n ní ẹni tó bá dúró síbi ìpàdé ń da ìpàdé rú.

Alága fi òwe tì í lẹ́yìn, ó ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwa náà rín díẹ̀, nítorí òwe náà dùn lẹ́nu, bàbá náà sì mọ̀ ọ́n pa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi bàbá: ta ni àlejò? Ọ̀kan nínú wa ti lo ọdún méje ládùúgbò yẹn. Ọmọ rẹ̀ méjèèjì ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ó mọ ibi tí omi ń gbà tí òjò bá rọ̀, ó mọ òpó tó ń dá iná sára, ó mọ ilé tí ajá rẹ̀ máa ń já okùn. Onílé tirẹ̀ sì rèé, Houston ló ń gbé ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún méje yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti fojú kan ẹ́síteètì náà. Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n dìbò lórí bóyá ká gbẹ́ bòrùhóòlù sí òpópónà wa, láti Houston ló ti fi WhatsApp dìbò pé rárá, owó náà ti pọ̀ jù. Àwa tí a ń ra omi inú jálá lọ́wọ́ mẹ́ruwà ò ní ìbò. Kì í ṣe pé a kórìíra ará òkè òkun. Nínú òtútù ló ti ṣiṣẹ́ tó fi kọ́lé, kó máa jẹ èrè rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé nínú òun àti ẹni tó gbé ibẹ̀ fún ọdún méje, ẹni tí òwe alága bá mu ti hàn sí gbogbo ayé.

Tí a bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọ̀rọ̀ òfin, ayálégbé ni gbogbo wa. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. C of O tí àwọn onílé fi férémù kọ́ sí pálọ̀, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ló fún wọn, ọdún 99 ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Tiwa ọdún kan, tiwọn ọdún 99. Àfi kí gómìnà náà máa ti àlejò wọn mọ́ géètì nígbàkigbà tí wọ́n bá jẹ owó ilẹ̀.

Ẹnì kan tó fẹ́ràn wa nínú àwọn olóyè, àgbàlagbà tí a bọ̀wọ̀ fún gidi, pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé yẹn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ẹ rọra máa san tiyín, ẹ̀yin náà á kọ́lé lágbára Ọlọ́run, ẹ ó wá jókòó." A ṣe àmín. A ò lè sọ pé rárá sí àdúrà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ò jẹ́ ká sùn, torí ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá kọ́lé nìkan ló jẹ́ èèyàn. Ọ̀pọ̀ nínú ìran wa ò ní kọ́lé. Ẹ wo iye tí símẹ́ǹtì jẹ́, ẹ wo iye tí ilẹ̀ jẹ́, ẹ wá wo owó oṣù tí wọ́n ń san fún wa. Tó bá jẹ́ pé ilé ni ẹnu, a jẹ́ pé odi ni ọ̀pọ̀ wa yóò yà títí a ó fi kú.

Kí ó tó di pé wọ́n ní ọmọ ìsinsìnyí ló ń kó àṣà òyìnbó wá, ẹ jẹ́ ká rántí pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Ọbáfẹ́mi-Owódé wà. Lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí, láyé ìjọba òyìnbó, àwọn obìnrin ń san owó orí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu bí wọ́n ṣe ń ná an. Àwọn ìyá olójà àti àwọn obìnrin tó kàwé para pọ̀ di Abẹ́òkúta Women's Union lọ́dún 1946, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ni olórí wọn. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó síwájú ààfin Aláké, wọ́n ń kọrin. Wọn ò ní àga tí wọ́n bá níbẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tó fi máa di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1949, wọ́n ti dá owó orí obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá Kejì sì ti kúrò lórí ìtẹ́. (Ó padà wá lẹ́yìn náà, ìyẹn di ìtàn ọjọ́ mìíràn.) Obìnrin wọ inú ìgbìmọ̀. Àwọn ìyá wa yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ tí kò fẹ́ sanwó. Ohun tí wọ́n sọ ni pé owó tó bá ti ọwọ́ àwọn jáde gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn àwọn. Ìrìn wákàtí kan péré ni láti ibi tí a ń gbé dé Abẹ́òkúta tí ọ̀nà bá dá.

Àwọn olóyè yóò ní ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ọ̀rọ̀ ààbò ni wọ́n fi ń pa gbogbo ẹnu mọ́. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ti géètì ńlá, wọn kì í sì í ṣí i fún ayálégbé àfi tí olóyè kan bá pe ọlọ́dẹ. Ẹni tó kúrò ní ibi iṣẹ́ ní Victoria Island ní aago mẹ́fà, tó bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé ní Berger, ó lè má dé títí aago mọ́kànlá. A ti sun inú ọkọ̀ rí níwájú ẹ́síteètì tí a ń san owó ọlọ́dẹ rẹ̀. Ìta géètì yẹn gan-an sì ni àwọn olè máa ń wà o.

Abala 41 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti lọ kí wọ́n sì bọ̀. Obìnrin kan gbé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìmọ́tótó Sátidé, èyí tí wọ́n fi máa ń sé gbogbo èèyàn mọ́lé láàárọ̀. Lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ dá a láre. Wọ́n ní àṣẹ ẹnu gómìnà kì í ṣe òfin, kò sì lè dá ẹnikẹ́ni dúró lójú ọ̀nà. Oṣù yẹn náà ni ìjọba Èkó fòpin sí ìséni-mọ́lé yẹn. Gómìnà odindi ìpínlẹ̀, tí àwọn èèyàn dìbò fún, ni wọ́n sọ fún pé kò lágbára yẹn. Alága wa, tí ìbò ayálégbé kankan ò sí nínú ohun tó gbé e wọlé, níbo ló ti rí tiẹ̀?

A sì gbà pé ààbò ṣe pàtàkì. Ó ṣe pàtàkì ju géètì lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ohun abúgbàmù bú nínú ilé kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí wọ́n ti fi ètò kọ́ láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Èèyàn kú, ilé wó lọ bẹẹrẹ. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ló kó o pamọ́ síbẹ̀. A ò dá ará Bódìjà lẹ́bi, ibi yòówù ló lè ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tó kọ́ àwa ni pé kò sí kóòdù tó lè sọ ohun tó wà nínú ilé aládùúgbò ẹni. Èèyàn ló ń rí èèyàn. Ayálégbé tó ń gbé ògiri kan náà pẹ̀lú ẹnì kan ló máa kọ́kọ́ gbọ́ òórùn, tó máa kọ́kọ́ rí ọkọ̀ tó ń já ẹrù lóru. Ta ló máa wá sọ ọ́ fún, nínú ẹgbẹ́ tí kò fún un láyè láti jókòó? Áàpù tiwa yìí mọ gbogbo ẹni tó jẹ owó, ó dá wọn mọ̀ lórúkọ àti lójúlé. Kò mọ ohun mìíràn nípa ẹnikẹ́ni.

Lóru ọjọ́ Ẹtì tí ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, a yọ ìlà náà kúrò. A kọ lẹ́tà sí àwọn olóyè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a sọ ohun tí a ṣe àti ìdí tí a fi ṣe é. A ò fi pamọ́. A fi kún un pé a ó bẹ̀rẹ̀ sí san owó ẹgbẹ́ tiwa, ká má bàa jẹ nínú ohun tí a ń bú. Wọ́n fèsì pé a ti ba iṣẹ́ ẹgbẹ́ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, onílé ọ̀kan nínú wa fún un ní kùìtì, oṣù mẹ́fà. Ìwé náà ò sọ nǹkan kan nípa géètì, ó kàn ní àwọn fẹ́ tún ilé ṣe.

Wọ́n sì ti ń wá ẹni tí yóò dá ìlà náà padà. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ èyí síbi tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò ti rí i. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pe ọ̀kan nínú yín, bí kò bá jẹ́ ní ẹ́síteètì tiwa, ní òmíràn. Ẹ óò rí i pé iṣẹ́ kékeré ni, owó rẹ̀ ò sì burú. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: ta ni pupa yìí máa yọ sí? Ta ni kò ní yọ sí láéláé? Tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tẹ̀kínọ́lọ́jì lásán ni, ẹ rántí ọlọ́dẹ tó ń sọ fún ìyá àgbà pé fóònù ló kọ̀. Ọlọ́dẹ yẹn ò fẹ́ tì í mọ́ta. Akọ̀wé yóò ní òun ò sí níbẹ̀. Alága yóò ní ìpàdé ló fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn ló mọ́ lọ́wọ́, nítorí pé a bá wọn kọ nǹkan tí yóò máa kọ èèyàn lẹ́nu ọ̀nà láìsí ẹni tí yóò wo ojú ẹni náà.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹni tó bá ń sanwó máa dìbò, fúláàtì kan, ìbò kan. Kí wọ́n lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri ilé ọlọ́dẹ lóṣooṣù, kí gbogbo èèyàn rí i. Kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gba gbèsè, bí gbogbo èèyàn ṣe ń gbà á: ẹ kọ lẹ́tà, ẹ bẹ̀ wá wò, ẹ gbé wa lọ sí kóòtù kékeré, kí onílé tó jẹ gbèsè náà bá wa tò lórí ìlà kan náà. Kí wọ́n sì dárúkọ tíráńsífọ́mà yẹn nínú ìwé, pé àwa àti àwọn la jọ rà á, kí owó tó bá padà wá lórí rẹ̀ padà sọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dá a, kódà ẹni tó ti kó kúrò.

Ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, aago mẹ́rin. Ayálégbé mọ́kànlélógún ló ti ní àwọn ń bọ̀. Ọkọ ọmọ ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó wà lára wọn. Oníkálukú á gbé àga tiẹ̀ dání.